Bí Mo Ṣe Mú Ìyá Dáre Lọ Sórí Òkun

Ẹ̀yin ènìyàn mi, láti ìgbà tí a ti dé ni ẹ ò ti jẹ́ kí n rìn. Ní ọjà East Street, obìnrin tó ń ta ata pariwo orúkọ mi láti òdìkejì: "Bàbá Dáre, ẹ ti jayé o! Òkun ńkọ́?" Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n tó bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyá ti yí mi ká, wọ́n fẹ́ rí fọ́tò. Àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé òun gbọ́ pé mo ti di òyìnbó tó ń fi ọkọ̀ ojú omi najú. Mo ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo yín, ẹ̀rín náà sì ti sú mi. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ má bi mi mọ́.

Mi ò ní sọ ti ìwé ìrìnnà, ti bàálù àti ti ẹrù wíwọ̀n. Púpọ̀ nínú yín ti jẹ ìyà bàálù rí. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ìdí tí a fi gbéra

Ìyá Dáre, ìyàwó mi, ọmọ Iléṣà ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Barking níbí, ní England, èmi sì ń wa bọ́ọ̀sì. Nígbà tí àwa méjèèjì fẹ̀yìn tì, mo rò pé ìsinmi ló kàn. Ìgbàgbé ló dé. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, ta ni kì í gbàgbé kọ́kọ́rọ́? Lẹ́yìn náà ó gbàgbé ọ̀nà ilé wa ní Longbridge, ọ̀nà tó ti ń rìn láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wa ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, gẹ̀ẹ́sì náà bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Yorùbá nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọ méjì la bí. Dáre wà ní Manchester, Bùkọ́lá ń gbé nítòsí wa. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí sí ìpàdé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ọmọ bá ti pe bàbá rẹ̀ sí ìpàdé, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n ti rí yàrá kan fún ìyá wọn ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, lápá ibi àwókù ilé ìsìn àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Abbey. Mo fò dìde. Mo ní, "Ṣé mo ti kú ni? Ta ló sọ fún yín pé mi ò lè tọ́jú ìyàwó mi? Nínú ìdílé tèmi, a kì í gbé ènìyàn ẹni fún àjèjì tọ́jú!"

Dáre ń wo ilẹ̀. Bùkọ́lá ló dáhùn. "Dádì, ẹ ò sùn mọ́. Ẹ ti rù. Lọ́jọ́sí tí Mọ́mì jáde, àwọn ọlọ́pàá ló mú wọn wálé. Ẹ má bínú sí wa, ẹ̀rù yín ló ń bà wá."

Àwọn ọmọ náà ti fi ìrìn-àjò ọkọ̀ òkun ta wá lọ́rẹ kí àìsàn náà tó le, nítorí àyájọ́ ìgbéyàwó wa. Ibẹ̀ la ti wá fẹnu kò. Bùkọ́lá á bá wa lọ. Tó bá rí i pé mo lè dá tọ́jú ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yàrá yẹn ti parí. Tó bá rí i pé mi ò lè ṣe é, mo gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ. Mo ní mo gbà. Èmi Ìjẹ̀bú, mo ti ṣe àdéhùn tí mo mọ̀ pé màá jẹ èrè ẹ̀.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni pé mo mọ̀ dájú pé ìyàwó mi ṣì mọ̀ mí. Dókítà ti bi í níṣojú mi, èmi ni mo ń túmọ̀. "Ta ni ọkọ rẹ?" Kíá ló dáhùn: "Bàbá Dáre." Dókítà wá nawọ́ sí mi. "Ọkùnrin yìí ńkọ́?" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó wolẹ̀, kò fèsì. Dókítà fẹ́ sọ pé kò mọ̀ mí. Inú bí mi. Mo là á yé e pé nílẹ̀ wa, obìnrin tó bá gba ẹ̀kọ́ ilé kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kì í sì í nàka sí i níwájú àlejò. Dókítà náà bẹ̀ mí, ó ní òun ò mọ àṣà wa. Mo gbé àyà jáde níbẹ̀.

Nínú ilé wa náà, tí mo bá gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, á tẹ orúnkún díẹ̀, á ní, "Ẹ ṣeun o." Tí mo bá wọlé, á sún fún mi. Kí ni ọkùnrin tún ń wá lára ìyàwó?

Ọkọ̀ àwọn aláṣọ funfun

Bí wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn bàálù ní Barbados, erékùṣù tí a ti máa wọ ọkọ̀ òkun, ni ooru bò wá. Mo mọ ooru yẹn. Ìyá Dáre náà mọ̀ ọ́n, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ha! A ti délé." Mi ò já a ní koro.

Ẹ jẹ́ kí n yin àwọn ará ibẹ̀ o. Wọ́n ń kí ènìyàn! Ẹni tó bá wọ inú ilé ìtajà, ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì, á kọ́kọ́ kí gbogbo àwọn tó bá níbẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ ẹ. Àti pé dúdú bíi tiwa ni wọ́n. Ọkùnrin kan tó gbé ẹrù wa jọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un. Nílé wa ní Barking, ènìyàn kan wà tí ògiri kan ṣoṣo pín wa níyà láti ìgbà tí a ti dé àdúgbò, mi ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní.

Ọkọ̀ wa kì í ṣe àwọn tó tóbi bí ìlú yẹn. Kékeré ni, ó funfun láti òkè délẹ̀. Arúgbó òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn èrò, àwa mẹ́ta nìkan la dúdú. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ wọ aṣọ funfun báláú, ọ̀gá ọkọ̀ náà wọ funfun tó ní ọ̀já wúrà léjìká. Ẹ̀yin tí ẹ bá jẹ́ aláṣọ funfun bíi tèmi, ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ.

Bí a ṣe dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìjẹun nírọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, Ìyá Dáre dúró. Ó wo àwọn aláṣọ funfun tó tò sápá ọ̀tún àti òsì, ó wo fìtílà, ó wo ọ̀gá ọkọ̀ tó dúró láàárín tó ń kí àlejò káàbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kí n tó dá a dúró, ó ti wọlé, ó ti kúnlẹ̀ síwájú ọ̀gá ọkọ̀, ó tẹ́ ọwọ́.

Ọ̀gá ọkọ̀ náà wò mí, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó rò pé ẹ̀yin ni àpọ́sítélì wa. Àdúrà ló ń dúró dè."

Ọkùnrin yẹn ṣe dáadáa. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ìyàwó mi lórí, ó ní kí Ọlọ́run bùkún un.

"Àmín, àṣẹ!" Ìyá Dáre ké e débi pé gíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ó dìde, ó wá ibi ìjókòó àwọn ìyá, ó jókòó.

Mo yíjú wo Bùkọ́lá. Omi ti kún ojú rẹ̀. Mo sáré sọ fún un pé, "Kò sóhun tó ṣe é. Ìwọ náà wo aṣọ wọn! Èmi alára, díẹ̀ ló kù kí n bọ́ bàtà." Kò rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹja tútù àti ìbéèrè

Oúnjẹ ọkọ̀ yẹn, mi ò lè purọ́ fún yín, ìyà ni. Àwo ńlá, ẹja kékeré láàárín rẹ̀, ewé kan lórí ẹja. Wọ́n á tún wá bèèrè bóyá ó dùn. Ìyá Dáre á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní kí wọ́n gbé e fún ológbò. Mo ń fi ṣíbí bẹ̀ ẹ́ bí ọmọdé. Nígbà tí Bùkọ́lá bá ń bọ̀, màá yára jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀, kó lè rí i pé àwo rẹ̀ ti ṣófo. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń tóbi, òun ń rù.

Àwọn òyìnbó tí a jọ ń jẹun kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọn a máa bẹ ènìyàn pé kó má bínú kódà nígbà tó bá jẹ́ pé ìwọ lo tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn! "Níbo lẹ ti wá?" Mo ní Barking. "Rárá, níbo gan-an?" Mo ní Longbridge. Wọ́n ṣì ń wò mí. Ó rẹ̀ mí, mo ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n wá mí ìmí ìtura. Nígbà tí a bá sọ̀kalẹ̀ sí erékùṣù, àwọn dúdú ibẹ̀ á tún bi mí: "England lẹ ti wá, àbí?" Lórí omi, èmi kì í ṣe ará England, ní èbúté, òun ni mo jẹ́. Mo wá ń rò ó pé níbo gan-an ni mo ti wá.

Opó kan wà nídìí tábìlì wa tó ń jẹ́ Margaret. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan omi ọbẹ̀ ń ṣàn lágbọ̀n Ìyá Dáre, mi ò tètè rí i. Margaret fi aṣọ ìnuwọ́ tirẹ̀ nù ún bí ẹni pé ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ọkọ òun ṣe ṣe. Mo bi í bóyá ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n títí dópin. Ó gbọn orí. Mo kẹ́dùn fún un, ṣùgbọ́n nínú mi mo ń sọ pé, tìẹ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀.

Òtílì ní Carriacou

Erékùṣù kékeré kan ni Carriacou. Ọkọ̀ wa kò lè dé etí ibẹ̀, ọkọ̀ rọ́bà ni wọ́n fi gbé wa dé afárá pákó. Ìjì ti bá wọn jà níbẹ̀, ilé tó ní páànù tuntun àti ilé tí wọ́n fi tapólì bò lórí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ewúrẹ́ ń rìn láàárín títì. Afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn igi ìdáná wá. Gbogbo ara mi ló rọ̀.

Ẹni tó ń mú wa kiri fẹ́ fi ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ onígi hàn wá. Gbogbo èrò tẹ̀ lé e, Bùkọ́lá wà lára àwọn tó ṣíwájú. Èmi àti Ìyá Dáre ń bọ̀ lẹ́yìn. A dé ẹ̀gbẹ́ ilé kan, ìyá arúgbó kan jókòó sábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù, ó gbé abọ́ sórí ẹsẹ̀, ó ń bó nǹkan. Mo wò ó dáadáa. Òtílì ni! Òtílì, ẹ̀wà ilé wa, tútù nínú èèpo rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ará Iléṣà mọ ohun tí òtílì jẹ́ fún wọn. Ìyá Dáre fi ìlà èrò sílẹ̀, ó yà wọ àgbàlá náà, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo pẹ́."

Ìyá náà, Miss Ivy ni wọ́n ń pè é, kò gbọ́ ohun tó sọ. Kò dà á láàmú. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí i, ó ní kó jókòó. Ìyàwó mi jókòó, ó bu òtílì sórí itan rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọwọ́ tí kò lè so bọ́tìnnì mọ́! Ọwọ́ yẹn ń sáré. Ó ń sọ ìtàn ilé bàbá rẹ̀, pé wọ́n pàgọ́ sóko, pé ẹ̀gbọ́n òun jí ẹran nínú ìkòkò. Miss Ivy ń fi gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ dá a lóhùn nípa ìjì àti òrùlé. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èkejì, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn.

Miss Ivy bu gbẹ̀rẹ̀fútù sísun fún wa, ó fi ẹja iyọ̀ àti ata sí i. Ìyá Dáre jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó tún bèèrè. Mo rò pé Ọlọ́run ti gbọ́ tèmi.

Bùkọ́lá ti wá wa padà. Ó dúró lẹ́bàá ọgbà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Dádì, ẹ wo Mọ́mì." Ó ya fọ́tò. Òun ni fọ́tò tí ẹ ti ń rí lórí fóònù kiri, tí ẹ ń sọ pé ara Ìyá Dáre ti yá.

Ara mi yá gágá. Mo ní, "Ṣé o rí i báyìí? Pe àwọn yẹn ní Barking, kí wọ́n fi yàrá wọn fún ẹlòmíràn."

Bùkọ́lá rọra gbá mi mọ́ra. "Ó dáa, Dádì. Tí a bá délé, màá pè wọ́n."

Lórí afárá pákó

Fèrè ọkọ̀ dún, a dágbére fún Miss Ivy. Ìyá Dáre kò bá wa jà, ó rìn jẹ́jẹ́ títí a fi dé orí afárá. Ibẹ̀ ló ti rí ọkọ̀ rọ́bà tó ń mì lórí omi. Ó dúró.

Mo ní, "Ìyá Dáre, wọlé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó já ọwọ́ náà gbà. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà mí lọ́wọ́. Ilé ọkọ ni mo wà."

Mo rò pé eré ni. Mo tún nawọ́. Ó kígbe, ó sá sẹ́yìn, ó di òpó afárá mú. Àwọn ọkùnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe dìde. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́kùnrin tó síngbọnlẹ̀, bọ́ sáàárín èmi àti ìyàwó mi, ó ní kí n fi màmá náà sílẹ̀. Àwọn èrò ti jókòó sínú ọkọ̀ rọ́bà, gbogbo wọn ń wò mí. Mo rí Margaret, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé.

Bùkọ́lá sún mọ́ ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, Bàbá Dáre nìyí. Ẹ wò wọ́n dáadáa."

Ìyàwó mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Kò bínú mọ́, àánú mi ló ń ṣe é. "Ọmọ mi, kì í ṣe àwọn. Mo mọ ọkọ mi. Bàbá yìí ti ń tẹ̀ lé mi kiri ọjọ́ pẹ́. Ènìyàn dáadáa ni, ó máa ń gbé oúnjẹ fún mi, mo sì máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá ọkùnrin ọlọ́kùnrin wọ ọkọ̀. Bàbá Dáre á máa wá mi."

Gbogbo ìkúnlẹ̀ yẹn, gbogbo "ẹ ṣeun" yẹn, àlejò ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò. Ohun tí mo pè ní ẹ̀kọ́ ilé níwájú dókítà, ojú ló ń ti obìnrin náà láti sọ fún ọkùnrin tí kò mọ̀ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà wo? Mi ò mọ̀.

Fèrè tún dún. Bùkọ́lá ń sunkún, ọ̀dọ́kùnrin yẹn ṣì dí mi lọ́nà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo bọ́ fìlà mi, mo ṣe bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò fi "ẹ" kí i rí, ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Bàbá Dáre ló rán mi wá. Wọ́n ní kí n mú yín wá bá àwọn."

Ojú rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ọmọ Iléṣà ni, wọn kì í tan ọmọ Iléṣà jẹ ní wàrà. "Ṣé òótọ́ ni? Ẹni tí ọkọ mi bá rán, á mú àmì dání. Àmì wo lẹ mú wá?"

Mo ronú. Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ra, nínú yàrá kan ṣoṣo tí a gbà ní Ṣómólú, ó gbé iṣu kaná, oorun gbé e lọ, iṣu di èédú. Ó ń sunkún pé òun ti dójú ti ara òun. Mo jókòó, mo jẹ gbogbo rẹ̀, mo ní iṣu náà ò jóná. Láti ọjọ́ yẹn, tí a bá jà, ẹni tó bá fẹ́ kí ìjà parí á kàn sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa pàápàá ò mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé iṣu náà ò jóná."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pàtẹ́wọ́. "Òun náà ni! Aláwàdà! Ṣé ó ti jẹun?"

"Wọ́n ti jẹun, mà."

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ó rìn wọ inú ọkọ̀ rọ́bà fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú, Bùkọ́lá ló dì í mú. Èmi jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, mo kọ ojú sí omi.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Láti ọjọ́ náà, mo kó ẹrù mi kúrò nínú yàrá wa. Kò bójú mu kí obìnrin tó ní ọkọ máa bá ìránṣẹ́ sùn sábẹ́ òrùlé kan. Bùkọ́lá wọlé tì í, èmi gba yàrá Bùkọ́lá. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ilé àwọn arúgbó mọ́. Kò sí ohun tó kù láti sọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìyàwó mi fẹ́ràn mi dáadáa gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́. Ní òwúrọ̀, á wá mi wá síbi tí mo jókòó sí níta, á fi àyè sílẹ̀ láàárín wa, á máa sọ̀rọ̀. Àwọn òyìnbó ń wo erékùṣù tó ń kọjá, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi ń gbọ́ ìròyìn ara mi.

"Ọkọ mi, Ìjẹ̀bú ni," ó ní, "ṣùgbọ́n ó lawọ́. Ẹ má gba ohun tí wọ́n ń sọ gbọ́."

Mo ní, "Mo gbọ́, mà."

"Ariwo rẹ̀ ló pọ̀. Á máa pariwo bí ẹni tó fẹ́ jó ilé. Inú rẹ̀ mọ́." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bọ̀dá, nǹkan kan wà tí mi ò tíì sọ fún un. Mo ń gbàgbé nǹkan. Ó ti pẹ́. Mo máa ń jí, mi ò ní mọ ibi tí mo wà, ẹ̀rù á bà mí, màá dákẹ́. Ẹ má sọ fún un o. Tó bá gbọ́, àyà rẹ̀ á já. Kò ní lè gbà á mọ́ra."

Mo ṣèlérí fún un pé mi ò ní sọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Òkun tẹ́ sílẹ̀ níwájú wa, ó mọ́lẹ̀ kedere, oòrùn ń ràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá ó lẹ́wà, ó lẹ́wà. Mo kórìíra rẹ̀ látọkàn wá.

Ọjọ́ tí a fi ọkọ̀ sílẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ gbogbo èrò lọ́wọ́. Ìyá Dáre tún kúnlẹ̀ fún un. Lọ́tẹ̀ yìí kò bèèrè lọ́wọ́ mi, ó bọ́ fìlà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbàdúrà. Margaret fi àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò sọ̀rọ̀.

Barking

Èmi fúnra mi ni mo sọ fún Bùkọ́lá nínú ọkọ̀ tó gbé wa wálé. Mo ní, "Pè wọ́n." Ó ní, "Dádì, kò pọn dandan kó jẹ́ lónìí." Mo ní, "Pè wọ́n. Obìnrin náà ń bá ẹni tí kò mọ̀ gbé, kò sì tọ́ sí i."

Ẹni tó gbà wá ní ilé yẹn, ọmọ Ìbàdàn ni. Ó kúnlẹ̀ kí ìyàwó mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ìyá Dáre sì gbà fún un lójú ẹsẹ̀. Mo gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀. Ó bi mí níbi tí a wà. Mo ní, "Bàbá Dáre ní kí ẹ dúró de àwọn níbí." Ó ní kò burú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ aṣọ ìgúnwà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sórí ìbùsùn, ó ń fi ọwọ́ na ìwúnjọ rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ síbẹ̀. Màá kan ilẹ̀kùn, màá kí i, á ní kí n jókòó. Lánàá, oòrùn wọlé díẹ̀, a jókòó lójú fèrèsé. Ó wò mí pẹ́.

"Bọ̀dá," ó ní, "ẹ̀ ń ṣe wàhálà púpọ̀ lórí mi. Ṣé ẹ̀yin náà níyàwó?"

Mo ní, "Mo ní, mà."

"Níbo ló wà?"

Mo ní, "Ó rìnrìn-àjò."

"Áà. Ṣé ibi tó lọ jìn?"

"Ó jìn, mà."

Ó ṣàánú mi. Ó na ọwọ́, ó fi kan apá mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Carriacou. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ọlọ́run á mú un dé láyọ̀."

Ó dúró dè mí bí àgbà ṣe ń dúró de ẹni tó gbàdúrà fún.

"Ẹ ṣe àmín, bọ̀dá."

Mo ṣe àmín.